Obìnrin Méjì Lábẹ́ Agboòrùn Kan

"Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń sùn nínú ọmọlanke bí ọba orí ìtẹ́! Ẹ fojú kàn án, ojú kì í tán lágbárí!"

Èmi Kànnàkànnà ni mo ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú fọ́tò tí mo kọ́ sára Ògiri láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ohùn mi ti há bíi ti àkùkọ tó gbé ìdérí ìkòkò mì. Ẹnikẹ́ni kò dúró. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá, gbogbo wọn ń wọ́ lọ sí apá òsì Ògiri, níbi tí Arínpé gbé fọ́tò tirẹ̀ kọ́ sí.

Èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí èèyàn bá ju abẹ́rẹ́ sókè, orí dé orí ni abẹ́rẹ́ yẹn yóò máa tẹ̀ títí yóò fi dé Ìwó, kò ní rí ilẹ̀ bọ́ sí. Lókè wọn, àwọn Eṣinṣin Ojú ṣú bí òjò. Irin ni wọ́n, wọn kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, ṣùgbọ́n gíláàsì ojú wọn ń kọ mànà. Èyí tí Àjọ Ojú fún èmi gan-an, tó máa ń bà lé èjìká mi tọ̀sán tòru nítorí pé onífọ́tò ìgboro tó gbàṣẹ ni mí, na ojú rẹ̀, ó wo ọkùnrin inú ọmọlanke, ó wo èmi, ó sì fò lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Arínpé. Irin lásán! Kò ní ìyá, kò ní bàbá, síbẹ̀ ó mọ ibi tí ọjà ti ń tà.

Owú jẹ mí. Kì í ṣe owú kékeré tí èèyàn ń fi omi tútù gbé mì o. Owú yìí, bí wọ́n bá dì í sínú àpò, àjàgbé mẹ́ta yóò gbé e, táyà gbogbo wọn yóò bẹ́.

"Kànnàkànnà, sinmi ariwo." Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ló sọ̀rọ̀, akọ̀wé Àjọ, láti inú àgọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ojú tí kò bá fẹ́ wò, a kì í fi okùn fà á. Bí oòrùn bá wọ̀, fọ́tò tí ojú bá pọ̀ jù lára rẹ̀ la máa gbé wọlé. Àdúgbò inú rẹ̀ ni Ojú máa rántí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí."

"Ẹ sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ rò pé mo tún mú òbúkọ wá."

Kíá ló di fìlà rẹ̀ mú.

Ọ̀rọ̀ òbúkọ yẹn kò lè tán lára Ṣówándé. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ awò dúdú fún òbúkọ kan, mo so táì mọ́ ọn lọ́rùn, mo ní àlejò láti òkè òkun ni. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún wò ó. Eṣinṣin kì í sì wo nǹkan kan ju ibi tí ojú èèyàn bá wà lọ. Bó ṣe di pé iná aláwọ̀ ewé tàn nídìí wọn nìyẹn: wọ́n ti sọ fún Ojú, ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn àti omi fún gbogbo ìlú, pé ọmọ ìlú ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún òbúkọ yẹn ní gbogbo Ìbàdàn. Ó wọ ilé ìwòsàn, ó wọ ilé ẹjọ́, ó wọ ọ́fíìsì Ṣówándé, ó sì jẹ fìlà orí rẹ̀ nígbà tí fìlà ṣì wà lórí. Títí di òní olónìí, bó bá dúró níwájú ẹ̀rọ omi, omi ń yọ fún un ju bó ṣe ń yọ fún èmi lọ.

Mo fi ìgúnpá la àárín èrò kọjá láti lọ wo ohun tí ọmọdébìnrin yìí fi ń gba ọjà lọ́wọ́ mi.

Nínú fọ́tò náà, obìnrin àgbà méjì ló jókòó lórí àpótí méjì lábẹ́ agboòrùn kan tó ti lu. Oòrùn gba ojú ihò náà wọlé, ó bọ́ sí àárín wọn bí ẹyin tó fọ́. Ojú kan náà, ìwérí kan náà, ọwọ́ kan náà tí ìpẹtà irin ti sọ di pupa. Ọ̀kan ń wo àwa tí a dúró. Èkejì ń wo ọ̀kan.

"Ìbejì rèé o," obìnrin kan ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omijé ń ṣàn sí i lágbọ̀n. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe jọra! Níbo ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí látọjọ́ yìí?"

Wọn kò fi wọ́n pamọ́ síbì kankan. Mo wo agboòrùn tó wà lọ́wọ́ mi. Màmá Alágboòrùn ní Ìsàlẹ̀ Afárá ló tún un ṣe lẹ́yìn òjò ẹlẹ́fùúùfù tó kọjá, òun náà ló tún èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Bí mo bá ti débẹ̀, agboòrùn mi ni mo máa ń wò. Ojú obìnrin yìí wà níbẹ̀ bí òkè ńlá, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá ojú, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Arínpé dé, ó dúró, ó rí i. Ohun tó ń jẹ mí nìyẹn, tó ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn, láti inú.

Mo fẹ́ yí padà ni mo rántí. Táyé ni Màmá Alágboòrùn. Kẹ́hìndé rẹ̀ ti bá omi lọ lọ́dún tí àkúnya gbé afárá àtijọ́. Ẹni tó bá ti gbé agboòrùn lọ síbẹ̀ rí ló gbọ́ ọ.

Há! Inú mi dùn débi pé èékánná ẹsẹ̀ mi ń jó nínú bàtà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú fọ́tò: ìyẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ sí orí Ògiri, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ẹṣin. Ọwọ́ mi tẹ ọmọ!

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

Arínpé nìyẹn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ Baba Ládèjọ ni àwa méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ṣùgbọ́n èmi ti gbé kámẹ́rà Baba lérí títí orí mi fi tẹ́ bí àwo kó tó dé.

"Ẹ̀yin ni mo ń wá," ó ní. "Mo nílò ojú kejì."

"Ìwọ? Èyí tó wà lójú rẹ, tó mú bí abẹ, kò tó ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàwàdà lónìí. Láìsí onífọ́tò mìíràn tó débẹ̀, tó sì wá sọ níwájú Ògiri pé ojú òun náà rí i, wọn ò ní gbé e wọlé. Ìsàlẹ̀ Afárá ti kúrò lára àwòrán ìlú. Láti ìjẹta ni Ojú ti ń pè é ní igbó. Omi wọn ti dá. Katakata ti dúró létí odò, tí oòrùn bá wọ̀, ó máa ṣán igbó náà."

"Èèyàn wà nínú igbó ọ̀hún kẹ̀!"

"Ẹ lọ sọ fún katakata. Kò ní awakọ̀."

Ṣówándé yọ orí láti inú àgọ́ rẹ̀. "Kànnàkànnà, lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ àti Ojú kò bá ṣọ̀kan, o mọ ohun tó dé bá Fọlárìn."

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Fọlárìn jẹ́rìí èké sí fọ́tò kan, Ojú sì gbàgbé rẹ̀. Ìta ilé ara rẹ̀ ló ń gbé báyìí. Ó ń dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀, ilẹ̀kùn kò mọ̀ ọ́n. Ojú fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ń gbà gbé oúnjẹ fún un, ẹ̀rọ inú ilé á sì máa kígbe olè.

A gbéra. Eṣinṣin mi rántí mi wàyí, ó fò padà sí èjìká mi láìtijú. Mo jẹ́ kí a rìn dé ẹ̀yìn ilé ìtajà kí n tó la ẹnu.

"Arínpé, ta ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn?"

"Ọgbọ́n wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ti obìnrin kan tó di méjì."

Ó dúró. Kò sẹ́. Ká ní ó sẹ́ ni, ǹ bá gbádùn ara mi.

"Baba Ládèjọ ni. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì pa wọ́n pọ̀ sójú ìwé kan, kí ìyá wọn lè rí méjèèjì lára ògiri."

"Baba kò kọ́ èmi!"

"Wọ́n ní ẹ ò bèèrè. Wọ́n ní ẹ̀yin, ẹ̀rín lẹ fi ń pa fọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Baba tí mo fọ aṣọ fún! Baba tí mo gbé àga fún láti Òkè-Àdó dé òpin ayé! Ó kú, ó gbé ọgbọ́n ìdí àpò fún àbíkẹ́yìn.

"Kí ló dé tí o kò ya Màmá nìkan? Ṣé ẹyọ kan kò lẹ́wà tó fún ọ ni?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó fún fọ́tò kí Kẹ́hìndé máa dúró síta."

Mo tutọ́.

Ìsàlẹ̀ Afárá kò ju ọ̀nà tóóró kan lọ lábẹ́ afárá tuntun: ilé páànù, aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ lórí okùn, ìkòkò gbígbẹ tí wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ omi tó ti kú. Ní ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún, katakata dúró létí odò. Ó ga bí ilé alájà mẹ́ta, abẹ rẹ̀ fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Ó ti tan iná ojú rẹ̀.

Màmá Alágboòrùn jókòó sórí àpótí, ó ń fi wáyà ran egungun agboòrùn kan. Àpótí kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ife omi kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bó ṣe wà nísàlẹ̀ tiẹ̀. Omi tí wọ́n ń wá kiri!

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"O káàbọ̀, ìwọ elẹ́rìn-ín. Agboòrùn tún ti ṣẹ́?"

Nítorí náà, ó mọ̀ mí. Ó ti ń wò mí látọjọ́ pípẹ́. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ fi ìjókòó bo ìtìjú náà. Mo fa àpótí kejì.

"Rárá o! Kẹ́hìndé lo fẹ́ jókòó lé lẹ́sẹ̀ yẹn!"

Mo fò sókè bí ẹni tó tẹ ẹyín iná. Kí n tó ronú, ara ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé ti dọ̀bálẹ̀, ojú mi ti wà lára àpótí òfìfo. "Ẹ má bínú, ìyá wa Kẹ́hìndé. N kò rí yín."

"Wọ́n ní kò burú," Màmá wí, ó ń bá wáyà rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni Eṣinṣin èjìká mi fò dìde. Ó tẹ̀ lé ojú mi, ó rà lókè àpótí òfìfo, iná aláwọ̀ ewé sì tàn nídìí rẹ̀, pàì. Ó tàn, ó kú. Ẹyọ ojú kan kò tó láti mú un dúró.

Katakata bú. Àwọn ìkòkò gbígbẹ ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ilẹ̀.

Mo wo Arínpé, mo wo oòrùn. Bí mo bá sọ níwájú Ògiri pé méjì ni mo rí, Ojú á wò, á rí ẹyọ kan, n ó sì di Fọlárìn kejì. Bí mo bá rọra sọ̀rọ̀ sí Ṣówándé létí pé ẹyọ kan ni, wọ́n á já fọ́tò Arínpé bọ́, wọ́n á gba kámẹ́rà rẹ̀, ọkùnrin inú ọmọlanke mi á gba Ògiri. Katakata á sì gba ibí yìí kọjá. Owú inú mi gbé ohùn sókè: "Kí lo tún ń rò? Sọ òótọ́ o jàre! Ṣé irọ́ ni?"

Orí mi tó tẹ́ bí àwo yìí, ó sì ń ro ti òbúkọ.

"Dúró ti Màmá," mo wí fún Arínpé. "Mo ń lọ Ògiri."

"Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

"Òótọ́."

Ojú rẹ̀ fọ́ bí àwo. "Ẹ̀gbọ́n! Nítorí Ọlọ́run! Ẹ fẹ́ pa gbogbo wọn nítorí Ògiri?"

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀ pé ó ń bẹ̀ mí.

Mo sáré débi pé òjìji mi ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Mo gun ọmọlanke ẹnìkan níwájú Ògiri, mo la ẹnu.

"Ará Ìbàdàn! Wọ́n ti yàn yín jẹ! Ẹkún tí ẹ sun láàárọ̀, ẹ lọ gbà á padà! Irọ́ ni fọ́tò Arínpé! Ẹyọ kan ni obìnrin yẹn! Mo ti débẹ̀, ojú mi rí ẹyọ kan, Kànnàkànnà ló sọ ọ́!"

Kí n sòótọ́, owú ló ń pariwo, èmi kàn ya ẹnu fún un ni. Láàárọ̀ tí mo ń fi àwàdà pè wọ́n, ẹnìkan kò dúró. Nísinsìnyí tí mo ń fi owú pè wọ́n, ìlú dìde.

"Irọ́ kẹ̀? Èmi tí mo sunkún!"

"Níbo ni obìnrin náà wà?"

"Ìsàlẹ̀ Afárá!" mo kígbe. "Ẹ má gba tẹnu mi gbọ́, ẹ lọ fojú ara yín wò ó!"

Àwọn tó ń ra àkàrà fi àkàrà sílẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń fá lórí fi ẹ̀gbẹ́ kan orí tẹ̀ lé wa. Ṣówándé ti àgọ́ rẹ̀, ayọ̀ ń ṣe é, ó ń sáré, ó di fìlà mú. Lókè wa, gbogbo Eṣinṣin ìlú ṣí kúrò lára Ògiri, wọ́n ń kùn bọ̀ bí ọ̀sán tó fẹ́ di òru.

Nígbà tí a débẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, abẹ katakata ti wọ aṣọ orí okùn. Ṣòkòtò ọmọ kan rọ̀ mọ́ ọn lójú bí àsíá. Arínpé dúró níwájú Màmá, ó na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó lè fi ọwọ́ dá òkè dúró.

"Èwo ni Kẹ́hìndé?" èrò ń bú. "Ẹ fi Kẹ́hìndé hàn wá!"

Màmá Alágboòrùn gbé orí sókè. Kò dìde.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọlé bá àgbà nílé yín? Ẹ ò mọ ìkíni?"

Ariwo kú. Obìnrin tó sunkún láàárọ̀ wà níwájú. Ó wo ìsàlẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o."

"Èmi nìkan lo bá níbí?"

Obìnrin náà wo àpótí òfìfo. Ó wo ife omi. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e. Ta ni ìyá tọ́, tí yóò kí ọ̀kan nínú ìbejì, tí yóò sì fo èkejì? Ó yí eékún padà.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, ìyá wa Kẹ́hìndé."

Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin abìdajì orí dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn, wọ́n ń wólẹ̀ bí àgbàdo tí afẹ́fẹ́ kọjá lórí rẹ̀: ojú sí Táyé, ojú sí Kẹ́hìndé, ojú sí Táyé, ojú sí Kẹ́hìndé. Gbogbo ojú ìlú wà lára àpótí tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Àwọn Eṣinṣin sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì rà yí Màmá ká, ìdajì rà yí àpótí kejì ká, iná aláwọ̀ ewé sì tàn lójú ọ̀nà náà títí ara páànù fi dà bí ewé ẹ̀fọ́. Èyí kò kú.

Katakata dákẹ́. Ó gbé abẹ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó sì mú ṣòkòtò ọmọ náà lọ. Ẹ̀rọ omi húkọ́, ó tutọ́ ìpẹtà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìkòkò. Àwọn ọmọ kígbe.

Ṣówándé ń fi ìka gbá gíláàsì ọwọ́ rẹ̀, níbi tí Ojú ti ń kọ iye èèyàn. "Méjì! Ó kọ méjì! Kò sí ẹnìkankan lórí àpótí yẹn!"

"Akọ̀wé," Màmá ní, "ìwọ kò tíì kí Kẹ́hìndé."

Gbogbo èrò yíjú sí i. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá ilẹ̀ mú. Òbúkọ mi ti bímọ! Arínpé sáré bá mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ó máa rí báyìí?"

"Mo mọ ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Ṣówándé dìde, ó gbọn eruku nù. Ó ń wo gíláàsì rẹ̀, ó wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń wù ú. "Kànnàkànnà. O sọ níwájú Ògiri pé ẹyọ kan lo rí."

Mo dìde nílẹ̀ kíá.

"Ojú rí méjì," ó ní. "Ẹnu rẹ àti Ojú kò ṣọ̀kan."

Kí n tó fèsì, Eṣinṣin èjìká mi fò dìde. Ó rà níwájú ojú mi, ó ń wá nǹkan, kò rí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá, ó lọ bà lé èjìká Arínpé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó di méjì lára rẹ̀. Ohun gbogbo ni ọmọ yìí ń ní ní méjì!

Kámẹ́rà mi kú lọ́wọ́ mi. Mo lọ síwájú ẹ̀rọ omi, mo na ọwọ́: omi dá. Mo yọ ọwọ́, omi dà. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, òbúkọ kan wà tó ń mu omi wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Màmá Alágboòrùn gba agboòrùn lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà.

"Ẹ̀gbọ́n," Arínpé pè mí. Mo yíjú. Ó ti gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, lábẹ́ agboòrùn yẹn. Màá kọ́ yín sí Ògiri lọ́la. Wọ́n á wò yín títí Ojú á fi rántí yín."

"Apá òsì ni kí o kọ́ ọ sí. Ibẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín."

Mo gbìyànjú. Kò rọrùn, nítorí pé owú tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, owú ọkùnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn yẹn, ẹni tí gbogbo Ìbàdàn máa dúró wò lọ́la, ẹni tí Arínpé dúró, tó sì rí.